Ìṣìtẹ̀ Tí A Pa Rẹ́: Ìbéèrè Nípa Òtítọ́ Nínú Orin Tí A Gbà Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ohùn tí ó bá ti jáde kò ṣe é kó padà mọ́. Bákan náà ni orin rí láyé àtijọ́. Bí onílù bá lu ìlù tán, bí atẹdùùrù bá tẹ dùùrù tán, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Iyè àwọn tí ó wà níbẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ aráyé ṣe ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ẹyin tí ó bọ́ sílẹ̀ di ohun tí a lè kó. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn èyí tí a tún kọ́ ọgbọ́n kejì tí ó jinlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ: ọgbọ́n lílẹ ẹyin tí ó fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀ pé ó fọ́ rí. Ọgbọ́n kejì yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ṣé ó tọ́? Bí ó bá sì tọ́, ibo ni títọ́ rẹ̀ mọ?

Ohun tí ó fa ìbéèrè yìí kò ju báyìí lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń gbọ́ àwo orin kan nínú ọ́fíìsì mi. Orin àwọn aláwọ̀ funfun ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kọnṣẹ́tò fún píánò, inú gbọ̀ngàn tí èrò kún ni a sì ti gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wọlé wá láti gba iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ó dúró, ó tẹ́tí. Níbi tí orin náà gbé rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ẹnìkan húkọ́ láàárín èrò. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí wọn kò fi yọ ikọ́ yẹn kúrò? Fóònù ọwọ́ mi yìí pàápàá lè yọ ọ́." N kò tètè rí èsì fún un. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn nítorí ohun kan tí èmi fúnra mi ti ṣe rí, èyí tí n ó jẹ́wọ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Irú orin tí mò ń wí

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn òǹkàwé tí orin yìí ṣàjèjì sí. Píánò ni dùùrù ńlá tí ó ní okùn irin nínú. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, òòlù kékeré kan a lu okùn, okùn a sì dún. Kọnṣẹ́tò fún píánò ni orin tí a ṣẹ̀dá fún ẹnìkan tí ó jókòó ti irú dùùrù bẹ́ẹ̀, àti fún ẹgbẹ́ òṣèré ńlá tí ó ní gòjé, fèrè, kàkàkí àti ìlù. Adarí kan a dúró níwájú ẹgbẹ́ náà, ọ̀pá tín-ínrín a wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ lílé àti ègbè nínú orin Yorùbá yóò tètè rí ìdí ọ̀rọ̀ náà: dùùrù a lé, ẹgbẹ́ a gbè é. Ṣùgbọ́n ègbè yìí kì í ṣe èyí tí ń tẹ̀ lé ni lásán. Nígbà mìíràn a já orin gbà mọ́ dùùrù lọ́wọ́, a bá a jiyàn, a sì tún padà wá ṣìpẹ̀ fún un. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Òmíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àkókò yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìró ni ìka mẹ́wàá ẹnì kan ṣoṣo yóò tẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó dúró kí ó tún ibì kan ṣe. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣìtẹ̀ kò lè ṣàìwáyé.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà gba irú orin yìí sílẹ̀. Ọ̀kan ni ti inú yàrá, níbi tí òṣèré ti lè tẹ ibì kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èkejì ni mo ń pè ní ìgbàsílẹ̀ ojú agbo: òṣèré wà níwájú èrò, ẹ̀rọ sì ń gba gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀, tòun ti ikọ́, tòun ti ìṣìtẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò pọ̀. Àwo àtijọ́, èyí tí ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 tàbí 5 lọ ní ojú kan, kò sì ṣe é gé kí a tún un lẹ̀. Bí òṣèré bá ṣi ìka gbé, yálà kí ó tún odindi ojú àwo náà tẹ̀ tàbí kí ó fara mọ́ àṣìṣe rẹ̀. Téèpù ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn ará Jámánì fi ẹ̀rọ téèpù hàn ní Berlin ní 1935. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó tàn dé Amẹ́ríkà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Téèpù ṣe é fi abẹ gé, ó sì ṣe é lẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ṣi orin tẹ̀ lónìí lè fi èyí tí ó tẹ̀ lánàá dí i. Ní ayé òde òní, kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ abẹ, ohun tí ń gba wákàtí tẹ́lẹ̀ sì ti di iṣẹ́ ìṣẹ́jú.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní New York

Àwo tí akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́ ní ìtàn. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 1962, Glenn Gould, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, fẹ́ tẹ kọnṣẹ́tò àkọ́kọ́ tí Johannes Brahms ṣẹ̀dá fún píánò, nínú gbọ̀ngàn Carnegie ní New York. Leonard Bernstein ni adarí. Gould ti pinnu pé òun yóò tẹ orin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju bí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n lọ, nítorí pé kò fẹ́ kí dùùrù àti ẹgbẹ́ òṣèré máa figa gbága bí ẹni tí ń díje. Bernstein kò fara mọ́ èrò yìí. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ó jáde síwájú èrò, ó sọ fún wọn pé ọ̀nà tí Gould fẹ́ gbé orin náà gbà kò bá ti òun mu. Síbẹ̀ òun yóò darí rẹ̀, nítorí pé òṣèré tí ó ń ronú ni Gould, èrò rẹ̀ sì yẹ ní gbígbọ́. Ó tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà, ó béèrè pé nínú kọnṣẹ́tò, ta gan-an ni ọ̀gá, ṣé atẹdùùrù ni tàbí adarí? Èrò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gbà wọ́n ju 50 ìṣẹ́jú lọ.

Ariwo ta lẹ́yìn náà. Àwọn kan dá Bernstein lẹ́bi pé ó tú alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fó lójú agbo. Àwọn mìíràn bú Gould pé agídí ni ó ń ṣe. Bí kò bá sí pé rédíò gbé eré náà sáfẹ́fẹ́, tí a sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìdájọ́ àwọn wọ̀nyí nìkan ni à bá máa gbà gbọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ohùn náà wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ lábẹ́lẹ̀, kí a tó gbé e jáde bí ó ti yẹ ní 1998, tòun ti ọ̀rọ̀ Bernstein. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rí i pé kì í ṣe ìjà ni wọ́n ń jà. Yóò gbọ́ àwọn ènìyàn méjì tí èrò wọn kò dọ́gba, tí ọ̀kan sì ń fi ọ̀wọ̀ gba èkejì láàyè. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ní 1983, nígbà tí Bernstein tún darí orin kan náà ní Vienna, tí Krystian Zimerman tẹ dùùrù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye ìṣẹ́jú kan náà ni ó gbà wọ́n. Gould ti kú ní 1982; kò gbọ́ ọ. Ayé ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán tipẹ́tipẹ́. Ohùn alẹ́ ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni kò fi abẹ kàn, ni ó jẹ́ kí a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún un.

Ẹjọ́ àwọn tí ó ní kí a tún un ṣe

Àwọn àgbà sọ pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ó fẹ́ kí a máa pa àṣìṣe rẹ́. Ẹjọ́ wọn kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀bi lásán.

Lọ́nà kìn-ín-ní, wọ́n ní àṣìṣe ojú agbo kì í pẹ́. Ó dún, ó kọjá, àwọn tí ó gbọ́ ọ sì lè ti gbàgbé rẹ̀ kí orin tó parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú àwo, ó di àṣìṣe ojoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣìtẹ̀ yẹn ni yóò máa retí, kò ní í fọkàn sí orin mọ́. Ǹjẹ́ ìdájọ́ òdodo ni pé kí a máa na ènìyàn lójoojúmọ́ ayé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan?

Lọ́nà kejì, wọ́n ní òṣèré ni ó ni iṣẹ́ rẹ̀. Gould tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni agbẹnusọ wọn tí ó lágbára jù lọ. Ní 1964, ó fi ojú agbo sílẹ̀ pátápátá, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Lójú rẹ̀, èrò tí ó pé jọ wo atẹdùùrù kò yàtọ̀ sí èrò tí ó pé jọ wo ìjàkadì. Inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni orin ti lè bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù. Kò ka gígé àti lílẹ téèpù sí irọ́ rárá. Bí àwa òǹkọ̀wé bá fi ti ara wa wé e, yóò yé wa. Ta ni nínú wa tí ń tẹ ìwé jáde bí ó ti kọ́kọ́ kọ ọ́, láìpa ọ̀rọ̀ kan rẹ́? Kò sì sí ẹni tí ń pe òǹkọ̀wé tí ó tún ìwé rẹ̀ kọ ní òpùrọ́.

Lọ́nà kẹta, wọ́n ní ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti fi ìkùdíẹ̀-káàtó rẹ̀ pamọ́. Sergei Rachmaninoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ó wà lára àwọn atẹdùùrù tí ó ga jù ní ìgbà ayé rẹ̀, kò gbà kí rédíò máa gbé eré rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kọnṣẹ́tò rẹ̀ tí a ní lọ́wọ́ fi jẹ́ ti inú yàrá. Ó kú ní 1943, ó sì gbé ohùn ojú agbo rẹ̀ lọ. Ó dun àwa olùgbọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó lè sọ pé ó jẹ wá ní gbèsè?

Ibi tí irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ẹjọ́ yìí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí ó ta kókó. Vladimir Horowitz kúrò lójú agbo ní 1953. Fún ọdún 12 ni kò tẹ dùùrù níwájú èrò. Ní ọjọ́ 9, oṣù karùn-ún, ọdún 1965, ó padà sínú gbọ̀ngàn Carnegie. Òun nìkan ni ó dá tẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe kọnṣẹ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́ ni ó ti ṣi ìka gbé. Nígbà tí àwo eré náà jáde, a ti tún àwọn ibi tí ó ṣì tẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwo náà ń polówó ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpadàbọ̀ mánigbàgbé. Ọdún 2003 ni a tó gbé ohùn náà jáde bí ó ti rí gan-an.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Gould tún orin rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó sọ fún gbogbo ayé pé bẹ́ẹ̀ ni òun ń ṣe, kò sì pe ohun tí ó ṣe nínú yàrá ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú agbo. Rachmaninoff dákẹ́ ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ní òun kò ní í jẹ́rìí kò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wí fún olùgbọ́ pé, "Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí", tí a sì ti fi ọwọ́ yí i, a ti kúrò nínú iṣẹ́ ọnà, a ti bọ́ sínú ẹ̀rí èké. Kì í ṣe títún ṣe ni ẹ̀ṣẹ̀. Fífi ohun tí a tún ṣe jẹ́rìí ni ẹ̀ṣẹ̀.

Òfò tí ó tẹ̀ lé e kò sì kéré. Àwo tí a tún ṣe fi ẹni tí kò ní ìbẹ̀rù hàn wá, ìka rẹ̀ ń lọ geerege bí ẹni pé ọdún 12 kò kọjá. Èyí tí a kò tún ṣe fi ẹni tí àyà rẹ̀ ń já hàn wá, ẹni tí ó kọsẹ̀ ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, tí kò dìde kí ó sá, tí ó sì tẹ̀ títí ó fi borí. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó kọ́ wa ní ìgboyà? Akin tí a kò rí ohun tí ó ń bẹ̀rù, a kò mọ ohun tí ó ṣẹ́gun.

Ohun mìíràn wà tí ohùn ojú agbo ń ṣe fún wa: ó ń sọ ibi tí ẹwà ti wá. Ẹ jẹ́ kí a fi ohùn méjì tí a gbà sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, ọdún 1943, Horowitz tẹ kọnṣẹ́tò àkọ́kọ́ ti Tchaikovsky ní New York. Arturo Toscanini, bàbá ìyàwó rẹ̀, ni adarí. Àwọn èrò tí ó wọlé ra ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba fi ń wá owó ogun, iye tí wọ́n rà sì ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Ní òdì-kejì ogun kan náà, bí ó ti ń lọ sí òpin, Walter Gieseking tẹ kọnṣẹ́tò karùn-ún ti Beethoven nínú ilé iṣẹ́ rédíò ní Berlin, Artur Rother sì darí. Kò sí èrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí dùùrù bá ti rọlẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ́tí dáadáa yóò gbọ́ ìbọn tí wọ́n ń yìn sí ọkọ̀ òfúrufú ọ̀tá lókèèrè. Orin yìí gan-an ni Beethoven ń ṣe ní 1809, ọdún tí àwọn ọmọ ogun Faransé fi àgbá ja Vienna.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ayé òde òní lè fọ ìró ìbọn wọ̀nyí kúrò bí ẹni ń gbọn eruku. Orin náà yóò mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti sọ nù? Gieseking tẹ dùùrù lábẹ́ ìjọba Hitler. Ní 1949, nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn nítorí ìyẹn, ó sì padà láìtẹ dùùrù fún wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbọ́ ìka dídán rẹ̀ nínú orin yìí ní láti bi ara rẹ̀ léèrè: báwo ni irú ẹwà báyìí ṣe ń jáde nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ní irú ọdún bẹ́ẹ̀? Ìbọn ni ó ń bi wá ní ìbéèrè náà. Bí a bá pa á rẹ́, a ti pa ẹnu ìbéèrè mọ́, a ó sì máa gbádùn orin bí ẹni pé inú ọ̀run ni ó ti jábọ́.

Ṣé etí ni a fi ń gbọ́ ni, tàbí orúkọ?

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé, "Bí orin bá dùn, ó parí, kí ni ó kàn mí nípa bí a ti ṣe é àti ẹni tí ó ṣe é?" Ìtàn kan wà tí ó dáhùn ìbéèrè yìí. Dinu Lipatti, atẹdùùrù ọmọ ilẹ̀ Rùmáníà, kú ní 1950 ní ẹni ọdún 33. Nítorí pé ó kú ní rèwerèwe, ohùn tí ó fi sílẹ̀ kò pọ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń wá a bí ẹni ń wá wúrà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwo kan jáde tí a ní òun ni ó tẹ kọnṣẹ́tò kìn-ín-ní ti Chopin nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi yin àwo náà. Ní 1981, àṣírí tú: ohùn náà kì í ṣe ti Lipatti rárá. Obìnrin ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì kan, Halina Czerny-Stefańska, ni ó tẹ̀ ẹ́. Kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òun àti Bella Davidovich ni wọ́n jọ ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Chopin ní Warsaw ní 1949. Ní gbogbo ìgbà tí ayé ń yin òkú nítorí iṣẹ́ rẹ̀, òun wà láàyè.

Ṣé irọ́ ni adùn tí àwọn olùgbọ́ rí nínú àwo náà? Rárá o. Orin náà dùn lóòótọ́, ìka obìnrin náà ni ó sì mú un dùn. Ṣùgbọ́n ìyìn ṣìnà, a fi oyè olóyè jẹ ẹlòmíràn. Ìtìjú tiwa àwa olùgbọ́ sì ni pé, bí a bá ti ka orúkọ ara àwo, etí wa a gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a rí ohùn Lipatti gan-an nínú kọnṣẹ́tò yìí, èyí tí a gbà sílẹ̀ lójú agbo ní Zürich ní oṣù kejì ọdún 1950. Ohùn náà kò mọ́ tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òun ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ yóò fara mọ́ ariwo inú àwo nítorí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti ń fara mọ́ ohùn híhá ìyá rẹ̀ tí ó ti darúgbó.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. N kò wí pé ìṣìtẹ̀ dára. Àwọn kan wà tí ń ṣa àṣìṣe inú àwo àtijọ́ jọ bí ẹni pé àṣìṣe ni orin. Ìyẹn náà kò tọ́. Onílù tí kò gbáradì kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ bojú. Ohun tí mo ń wí ni pé iṣẹ́ òṣèré ni láti sá fún àṣìṣe pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ lójú agbo, iṣẹ́ ẹni tí ó di ohùn náà mú ni láti má ṣe purọ́ nípa rẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ mi

Mo ti ṣèlérí pé n ó jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo gbé ẹ̀rọ téèpù lọ sí abúlé kan láti gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àgbà ọdẹ kan. Ohùn Bàbá ń lọ geere. Nígbà tí ó dé ibi oríkì ẹfọ̀n, ó dákẹ́. Ó húkọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó tì í lórúkọ, ó ní, "Báwo ni mo ṣe máa ń wí ibí yìí?" Ọmọ náà rán an létí. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì mú ohùn padà sókè. Nígbà tí mo délé, mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́ ìjálá tí ó já gaara láìsí ìdíwọ́. Mo fi abẹ gé ibẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi pàápàá kò mọ ojú ibi tí mo gé mọ́. Mo da èyí tí mo gé nù, mo sì fi iṣẹ́ náà yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Bàbá fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora. Ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá òun. Mo gbé téèpù sí i fún un. Ó dorí kodò títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè, ó ní, "Tíṣà, mo lérò pé Bàbá pè mí lórúkọ níbì kan." Ẹnu mi kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí mo máa sọ̀rọ̀, mo ní, "Bóyá kì í ṣe ọjọ́ tí mo wá ni." Ó mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo bí irọ́ ti ń bímọ. Mo kọ́kọ́ mú kí téèpù purọ́. Nígbà tí ó yá, èmi náà purọ́ láti gbèjà téèpù. Kì í ṣe ọmọ olóògbé nìkan ni mo jà lólè. Mo jí ẹ̀kọ́ gbé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pẹ̀lú. Ibi tí Bàbá gbé gbàgbé yẹn ni à bá ti rí bí ìjálá ṣe ń ti ẹnu bàbá bọ́ sí ẹnu ọmọ, bí ọmọ ṣe ń di ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún iyè bàbá rẹ̀. Mo ń wá ìjálá tí kò ní àbùkù, mo sì fi abẹ gé ọkàn ìjálá dànù.

Ìparí

Kí ni kí a wá ṣe? Mo ní ìmọ̀ràn mẹ́ta fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, pàápàá àwọn tí yóò gbé ẹ̀rọ lọ sí ìgbèríko láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ìkíní, ẹ má ṣe ba ohùn àkọ́gbà jẹ́ láé. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe fún ìlò kíláàsì, ẹ dà á kọ, kí ẹ sì fi ti àkọ́kọ́ pamọ́ bí ó ti wà. Ìkejì, bí ẹ bá tún un ṣe, ẹ wí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́yìn àwo tó láti sọ irọ́ di iṣẹ́ ọnà. Ìkẹta, nígbà tí ẹ bá ń gbọ́, ẹ kọ́kọ́ fi etí gbọ́ kí ẹ tó fi orúkọ gbọ́, kí ẹ má baà fi ìyìn alààyè fún òkú, tàbí kí ẹ fi ti òkú fún alààyè.

Ní tèmi, mo ti pinnu láti lọ sí abúlé yẹn nígbà ìsinmi tí ń bọ̀. N kò ní ohun tí mo lè dá padà fún ọmọ Bàbá, nítorí èyí tí mo gé ti ṣègbé. Ṣùgbọ́n mo lè sọ fún un pé iyè rẹ̀ kò tàn án jẹ, bàbá rẹ̀ pè é lórúkọ lóòótọ́, èmi ni mo sì pa á rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó béèrè nípa ikọ́ yóò rí èsì rẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú. Wọn kò yọ ikọ́ náà kúrò nítorí pé ẹnìkan wà níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó láàárín èrò, ó gbọ́ Gould, ó sì húkọ́. Ẹyin náà fọ́ lóòótọ́; ohun tí ó yẹ wá ni kí a gbà pé ó fọ́.